BÍ ÒPÓ BÁ KÚ, ṢÉ FÓÒNÙ LÈ BÁ FÓÒNÙ SỌ̀RỌ̀?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ "kò sí nẹ́tíwọ̀kì" yìí ti sú gbogbo wa. Ta ló gbàgbé ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú? Oníbàárà á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, àlẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé, ọlọ́jà á dì í lẹ́wù mú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 ńkọ́? Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin ló já lẹ́bàá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dákú títí dé Èkó.

Ẹ jẹ́ ká wo Kankon, lọ́nà Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀. Ká ní òpó ibẹ̀ kú. Ìyá alágbọn ò ní lè pe dẹ́rẹ́bà tó wà ní òdìkejì títì, bẹ́ẹ̀ ó ń rí i lójúkojú! Òpó ni fóònù wa ń bá sọ̀rọ̀, òun ló ń jíṣẹ́ fún wọn.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Láti 1973 ni iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ti ń ṣiṣẹ́ lórí rédíò tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní 2010, Paul Gardner-Stephen ní Australia bẹ̀rẹ̀ Serval, kí fóònù lè máa pe fóònù láìsí òpó.

Bíi lébìrà tó ń ju búlọ́ọ̀kù látọwọ́ dé ọwọ́ ni. Fóònù tèmi á ju ọ̀rọ̀ sí tiyín, tiyín á jù ú sí ti ẹni kẹta. Àmọ́ àwọn lébìrà yìí ò dúró sójú kan o! Ọ̀kan ti gun ọ̀kadà lọ, bátìrì òmíràn ti kú. Fóònù á wá kígbe: "Ta ló mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ lágbájá?" Igbe náà á máa lọ láti ọ̀kan dé ìkejì, títí èsì á fi gba ọ̀nà kan náà padà. AODV ni wọ́n pe ìlànà yìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Keje 2003.

Ibi tó dùn nìyí: ọ̀nà tó kúrú jù kọ́ ló dáa jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ná ọjà Àgbálátà mọ̀ pé àgbọn lè dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹja tútù ò lè dúró. Ohùn ni ẹja tútù. Bó bá pẹ́ ju bí ìdá kan nínú méje ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ẹ ó máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Tẹ́ẹ̀sì ni àgbọn. Kí fóònù tó yan ọ̀nà fún ohùn, ó ní láti bèèrè: ọrùn ta lẹrù pọ̀ sí? Bátìrì ta ló fẹ́ tán? Ta ló fẹ́ kúrò níbẹ̀?

Kí n má tàn yín, àlẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé bí kò bá sí fóònù kan láàárín yín tó ṣì kan íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi fóònù kì í sì í sábà kọjá bíi mítà 100 ní gbangba, nítorí náà fóònù gbọ́dọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Bátìrì gan-an ló ń kọ mí lóminú. Nílùú tí iná ò ti dúró, ta ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì jẹ bátìrì òun tán? Ẹ kọ̀wé sí wa.