Ìgbà Àrọ̀kúrò ní Abà Kòkó

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà oko kọjá ní oṣù Ọ̀wàrà, láti ìhà Ìbàdàn dé Ifẹ̀, láti Iléṣà dé Oǹdó àti Ìdànrè, òórùn kan wà tí kò ní ṣàì bá a nímú: òórùn tí ó kan bí ẹmu àná, tí ó sì tún ní adùn díẹ̀ nínú. Kò sí ẹni tí a bí sí abà kòkó tí yóò gbọ́ òórùn yìí tí kò ní rántí ilé. Òórùn kòkó tí a bò mọ́ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ìgbà àrọ̀kúrò dé nìyẹn, ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, tí ohun tí àgbẹ̀ ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ abà kékeré ní ìgbà yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, àti ẹ̀yin olùkọ́ jù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kì í ṣe oko ńlá tí katakata ń ro ni a ní lọ́kàn. Abà tí a ń wí ni èyí tí kò ju ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí a fi amọ̀ mọ, tí a fi páànù bò: bàbá kan, ìyá kan, àwọn ọmọ, ìyá àgbà tí kò lè rìn jìnnà mọ́, ewúrẹ́ díẹ̀, adìẹ díẹ̀, àti oko kòkó tí kò ju éékà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Irú àwọn abà bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó ilẹ̀ wa jáde, kì í ṣe oko àwọn olówó.

Ẹ jẹ́ kí a bá wọn jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá ilé ti dáná. Bàbá yóò jáde sí ìta, yóò sì gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ìwò yìí kì í ṣe ìwò lásán. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, wọn yóò tú kòkó tí wọ́n kó wọlé ní àná sórí ẹní. Bí ó bá ṣú, wọn yóò fi í sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, nítorí kòkó tí òjò bá pa lórí ẹní yóò bu, kòkó tí ó bá sì bu, owó rẹ̀ ti dínkù kí ó tó dé orí òṣùwọ̀n. Ìyá àgbà ni a ń fi ṣọ́ ẹní náà. Yóò jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, yóò máa lé ewúrẹ́ àti adìẹ, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ yí àwọn hóró náà padà kí oòrùn lè dé ara gbogbo wọn.

Nínú oko, ìrì òwúrọ̀ a máa rin aṣọ ènìyàn gbindin. Bàbá yóò fi àdá gé èso tí ó wà nísàlẹ̀, yóò sì fi ọ̀pá gígùn tí ọ̀bẹ wà lórí rẹ̀ gé ti òkè. Bí ó ti ń gé e, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣọ́ra kí ó má ṣe ṣá ara igi, nítorí ojú ibi tí èso kan ti já lónìí ni òdòdó mìíràn yóò tún ti yọ. Èyí tí àrùn òjò ti sọ di dúdú ni ó ń yà sọ́tọ̀, kí ó má baà ran ìyókù. Ìyá àti àwọn ọmọ a máa ṣa ìyókù sínú agbọ̀n, wọn a sì kó wọn jọ lókìtì lábẹ́ igi kan.

Kì í sì í ṣe kòkó nìkan. Ìgbà yìí náà ni àgbàdo àrọ̀kúrò ń gbó, tí obì ń bọ́ tí a ní láti bó o, tí a ń wa iṣu, tí ìyá ń sá ilá àti ata de ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ọ̀sán, iṣu sísun àti epo pupa ni oúnjẹ oko, kò sì sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ lábẹ́ igi kòkó lẹ́yìn iṣẹ́ tí yóò sọ pé oúnjẹ tálákà ni. Ní ọjọ́ tí a bá ń fọ́ kòkó, àwọn ọmọdé a máa fa oje funfun tí ó bo hóró rẹ̀ lára mu, ẹnu wọn a sì máa dùn títí di alẹ́. Èèpo rẹ̀ pàápàá kò ṣòfò: bí ó bá gbẹ, a óò sun ún, eérú rẹ̀ ni a fi í ṣe ọṣẹ dúdú. Lálẹ́, nígbà tí a bá ti jẹun tán, a tún lè gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù àti rédíò ti ń bá a du etí àwọn ọmọ.

Èyí ni adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka oṣù. Oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé fún sáà kìíní, oṣù Kejìlá ni sáà náà ń parí. Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá sì ni kòkó ń pọ́n jù lọ. Bí oko àti ilé-ìwé bá pe ọmọ kan náà ní ọjọ́ kan náà, èwo ni yóò jẹ́?

Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí abà kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, láti wá ọmọkùnrin kan tí kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó ti to ọ̀rọ̀ ìbáwí jọ sí ẹnu láti ilé. Bàbá ọmọ náà ni ó bá nídìí òkìtì kòkó.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ wá jókòó, kí wọ́n bu omi fún yín."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni ó gbé mi wá. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le, Tíṣà, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkìtì yìí. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kù nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí Èkó. Owó tí àwọn alágbàṣe ń bèèrè lọ́dún yìí, bí mo bá san án, n kò ní rí èyí tí n óò fi ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe?"

Olùkọ́ náà sọ fún mi pé gbogbo ìbáwí tí òun tò jọ ni ó tú ká lẹ́nu òun. Ó mu omi, ó dúpẹ́, ó sì padà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí bàbá náà kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀tá ìwé.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dunni jù ni ohun tí a mọ̀ nípa kòkó àti ìwé ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1947 ni a dá àjọ tí ń ra kòkó fún títà sí òkè òkun sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọdún 1954, Ìwọ̀-Oòrùn ní tirẹ̀. Owó tí àwọn àjọ wọ̀nyí san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ta kòkó náà lọ́jà àgbáyé. Nínú ìyàtọ̀ yìí, àti nínú owó orí, ni ìjọba ti rí owó ṣe iṣẹ́ ìlú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó di dókítà, adájọ́ àti olùkọ́ láàárín wa, ọmọ abà ni wọ́n, àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kọ ni ó sì ti ẹ̀yìn bá wọn san owó náà. Ilé gíga alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nì tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965, Ilé Kòkó ni a ń pè é, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Ǹjẹ́ ó yẹ kí kòkó tí ó rán àwọn ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé nígbà náà tún wá máa fà wọ́n padà kúrò níbẹ̀ lóde òní?

Àwọn kan yóò sọ pé òfin wà. Lóòótọ́ ni. Òfin ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án, láìsan owó ẹ̀kọ́. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kì í fọ́ kòkó. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kí ọmọ àgbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Èyí náà kò burú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ tí ó bá ṣa kòkó jọ lẹ́yìn ilé-ìwé, tàbí tí ó bá ìyá àgbà lé adìẹ. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi àdá mímú lé ọmọdé lọ́wọ́, kí a gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú, kí a jẹ́ kí ó súnmọ́ oògùn tí a ń fín sí kòkó, tàbí kí a gba ọjọ́ ìwé rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ìdáhùn ìbéèrè bàbá yẹn wà nínú iṣẹ́ kòkó fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkó kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà; láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni àgbẹ̀ fi ń padà sí ìdí igi kan náà. Èso tí a gé tí kò lárùn lè wà lókìtì fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó fọ́ ọ, kò sì ní bàjẹ́. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ tán ni kò sí ìdádúró mọ́: ọjọ́ náà gan-an ni a gbọ́dọ̀ bò ó. Ọjọ́ tí a ń fọ́ ọ sì ni ó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ jù lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó sọ pé dandan ni kí a fọ́ kòkó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Kí bàbá àti ìyá gé kòkó láti ọjọ́rú dé ọjọ́ Ẹtì. Kí gbogbo abà péjọ fọ́ ọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n sì bò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí a yí i padà, ní ọjọ́rú kí a tún yí i. Àgbàlagbà méjì tó ṣe èyí láàárín àkókò díẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà, kí a kó o jáde sí oòrùn. Ìyá àgbà a sì gba iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, ọmọ kò pa ọjọ́ ìwé kan jẹ.

Àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà tí a fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: àáró ni wọ́n ń pè é. Bí ilé mẹ́rin bá wà ní abà, Àbámẹ́ta yìí jẹ́ ti ilé kan, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti èkejì. Kí ó tó yí ká, òmíràn ti pọ́n lórí igi ẹni àkọ́kọ́. Kò sí owó alágbàṣe níbẹ̀ ju oúnjẹ ọjọ́ náà lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí wọ́n sì fi kùmọ̀ fọ́ ọ dípò àdá: kùmọ̀ kì í gé ìka, kì í sì í la hóró kòkó sí méjì.

A mọ̀ pé ìkánjú wà lójú ọ̀nà. Ní ọdún 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, irú èyí tí a kò rí rí. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ lè rò pé kí òun tú kòkó síta ní ọjọ́ kejì, kí òun tà á kí ó tó gbẹ, kí òun sì fi gbogbo ọmọ ilé sí i. Ṣùgbọ́n kòkó tí kò bá kan dáadáa yóò korò, kò sì ní ní òórùn tí àwọn tí ń rà á ń wá. Kí ọdún 2025 sì tó parí, owó ńlá náà ti já wálẹ̀ gidigidi. Owó kòkó a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀. Sáà ìwé tí ọmọ pàdánù kì í padà wá, ẹ̀kọ́ tí ó bá sì wọ ọmọ lórí, kò sí oníṣòwò tí ó lè já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí àga bá ṣófo kí ẹ tó mọ ọ̀nà abà. Ní oṣù Kẹsàn-án, kí kòkó tó pọ́n, ẹ pe àwọn òbí jọ, ẹ bá wọn ka ọjọ́ bí a ti kà á yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ọmọ tí oje kòkó pa ọwọ́ rẹ̀ dúdú ṣẹ̀sín ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí ó dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó ṣírò iye tí àpò kan yóò mú wá. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí abà tí ó jìnnà jù nígbà ìdìbò, ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ sọnù mọ́ yín lójú nígbà àrọ̀kúrò. Ẹ bá wọn béèrè afárá àti ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé ilé-ìwé, kí kòkó sì gbà á dé ọjà. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ dá àáró yín padà.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A fẹ́ fi kún un pé yóò tà oko tí a gbìn pẹ̀lú. Èsì tí olùkọ́ yẹn kò rí fún bàbá yẹn nídìí òkìtì kòkó nìyí. Ẹ bá wa mú un dé abà kí oṣù Ọ̀wàrà tí ń bọ̀ tó dé.