Nígbà Tí PSA Bá Tún Gòkè

Bí a bá lọ kí bàbá kan tí jẹjẹrẹ próstéètì rẹ̀ ti tàn dé eegun ní Ìlọrin, ohun tí ẹnu wa máa ń mọ̀ ọ́n sọ kò pọ̀: "Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà", "Ẹ má bọkàn jẹ́", "Ó ti lọ nìyẹn, ẹ ò ní rí i mọ́." Àdúrà dáa, àmín la ó máa ṣe sí i. "Ó ti lọ" yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò bá sọ pé kò lọ, bàbá á rò pé irọ́ la ń pa fún òun látọjọ́ yìí, tàbí kó máa wá ẹ̀bi kiri lára ara rẹ̀: oúnjẹ wo ni mo jẹ, ta ni mo ṣẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́kàn le gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ìtọ́jú náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ ohun tí àbájáde tí kò dáa ń sọ àti ohun tí kò sọ.

Ní Ìlọrin, Táíwò Road ni ọ̀pọ̀ irú àbájáde bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Láàbù wà níbẹ̀, kẹ́míìsì wà níbẹ̀. Ọmọ á gba ìwé lórí káńtà, á dúró sẹ́bàá títì láàárín ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá, á máa wo nọ́ńbà. Ká ní PSA bàbá rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ próstéètì, jẹ́ 1.8 ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó wá di 6.4 báyìí, kí ló fẹ́ bá nílé?

Abẹ́ àpòòtọ̀ ni próstéètì wà, kókó kékeré kan ni. Ohun tó ń mú un dàgbà ni họ́mọ̀nù ọkùnrin, testosterone, tó jẹ́ pé inú kóró ẹpọ̀n ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Jẹjẹrẹ tó bá sì ti ara próstéètì hù, họ́mọ̀nù yìí kan náà ló ń jẹ. Ní 1941, dókítà kan ní Chicago, Charles Huggins, fi hàn pé tí a bá gé họ́mọ̀nù yìí kù, jẹjẹrẹ náà á súnkì, kódà èyí tó ti dé eegun. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Títí dòní, orí ìmọ̀ yẹn la ṣì dúró. Bí dókítà bá ní kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n, ohun tó ń wá nìyẹn. Bó bá ní kí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ síkùn lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, irú goserelin tí wọ́n mọ̀ sí Zoladex, ohun kan náà ló ń wá. Iṣẹ́ abẹ yẹn kò tó nǹkan lójú dókítà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, owó rẹ̀ kì í sì í tó owó abẹ́rẹ́ ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà sọ pé, "Wọ́n ti sọ mí di obìnrin." Ẹni tó bá fi ẹ̀rín dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ooru tó ń là á lára lóru, àárẹ̀, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ tó lọ, omijé tó ń bọ́ láìnídìí, àìsí họ́mọ̀nù ló ń fa gbogbo rẹ̀. Kí ìyàwó náà gbọ́ àlàyé yìí, kó má baà rò pé ọkọ òun ti kọ òun.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 6.4. Ìwé kan kì í dájọ́. PSA lè gòkè torí kòkòrò wọ ìtọ̀, tàbí torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti rọ́bà sí i láti fa ìtọ̀ jáde. Láàbù méjì lè fi ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ka ẹ̀jẹ̀ kan náà kí nọ́ńbà wọn má dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn mú láàbù kan kó máa lò ó lọ. Nítorí náà dókítà á ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í rántí bi: ṣé họ́mọ̀nù ọkùnrin inú ẹ̀jẹ̀ bàbá wá sílẹ̀ lóòótọ́? Ó yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ 50, bí wọ́n bá fi ìwọ̀n ng/dL kà á. Bí kò bá wá sílẹ̀, ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ló níṣòro. Bóyá owó ò sí, abẹ́rẹ́ oṣù March di ti May. Bóyá ibi tí wọ́n ti rà á kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa: kò yẹ kí ooru ibi tí Zoladex bá wà kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo wa la sì mọ bí ooru Ìlọrin ṣe ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ báyìí lọ̀rọ̀ rí, oògùn kò tíì kùnà, a ò tíì lò ó bó ṣe yẹ ni. Láti ibẹ̀, ọ̀nà àtúnṣe ṣì wà.

Bí họ́mọ̀nù bá ti wálẹ̀ tí PSA sì ń gòkè síbẹ̀, á jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí NEPA bá mú iná, tí onílé lọ ra jẹnẹrétọ̀. Àwọn kókó kéékèèké tó wà lórí kíndìnrín náà ń ṣe họ́mọ̀nù díẹ̀, jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ sì lè máa pò tirẹ̀. Abiraterone tó jáde ní 2011 ló ń ti ẹnu ibi tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé. Enzalutamide tó tẹ̀ lé e ní 2012 ló ń di ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, tí iná ò fi ní wọlé bí ó tilẹ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi abiraterone sára oògùn kòṣeémáàní láti 2019, àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì ń ṣe é báyìí, kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Prednisolone ni wọ́n ń lò mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀dọ̀ sì ni wọ́n ń ṣọ́. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń dá rà láì gba ìwé dókítà, ohun yòówù kí ẹni tó wà ní káńtà sọ.

Kẹmó tún wà. Docetaxel ni orúkọ èyí tí wọ́n sábà máa ń lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fi omi rẹ̀ sára. Nǹkan méjì ló máa ń já àwọn ará ilé láyà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan ni kí bàbá dé ilé ìwòsàn kí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbó, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ilé á bú sẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ìṣọ́ra ni dókítà ń ṣe, nítorí kẹmó máa ń dín àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Èkejì ni pé PSA lè gòkè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kẹmó kó tó wálẹ̀. Síkáànù eegun pẹ̀lú lè tàn sí i, torí eegun tó ń san náà máa ń tàn nínú fọ́tò. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi í yára dájọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjìlá tó pé. Ohun tí kò gba sùúrù ni ibà: bí ara ẹni tó ń gba kẹmó bá gbóná dé 38, ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà ni, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe Paracetamol ká máa wò ó.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ju PSA lọ ni ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ tó wọ eegun ẹ̀yìn lè tẹ okùn iṣan tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá á máa ké ẹ̀yìn, ìrora náà á le sí i tó bá dùbúlẹ̀; lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, á ní ibi tó fi jókòó kú tipiri, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò ní gbọ́ràn mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ì báà jẹ́ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Ẹni tí wọ́n bá tọ́jú nígbà tó ṣì ń rìn, ó ṣeé ṣe kó máa rìn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ tán, ó ṣòro kó padà rìn. Àwọn kan á ní ká kọ́kọ́ wọ́ ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe wọ́ ọ.

Ní ti ìrora eegun lásán, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fara dà á. Ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sójú ibi tó ń dùn lè mú ìrora rọlẹ̀ bíi ti ìtànṣán ọjọ́ púpọ̀. Fún aláìsàn tó ní láti wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí sí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 2019, ìyàtọ̀ ńlá ni èyí fún àpò àti fún egungun. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ̀ẹ̀kan tó. Mófíìnì olómi tí wọ́n ń mu náà wà. Ọ̀pọ̀ máa ń sá fún un pé oògùn ikú ni. Ìrora ló ń gbà, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ń júwe rẹ̀, kì í gba ẹ̀mí.

Wàyí o, kí ni ọmọ yẹn fẹ́ sọ nílé? Bàbá á bi í pé, "Ṣé ó ti tán nìyẹn?" Ó lè fèsì báyìí: "Rárá o, Bàbá. Nọ́ńbà gòkè, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. A ò tíì mọ ohun tó gbé e gòkè. Tó bá di Mọ́ńdè, a ó jọ lọ, a ó ní kí wọ́n wo họ́mọ̀nù yín, tó bá jẹ́ oògùn ló yẹ ní pípààrọ̀, a ó bi wọ́n èyí tó kàn àti iye rẹ̀." Kó wá dákẹ́, kó gbọ́ ohun tí bàbá fẹ́ sọ. Bóyá owó ló ń dà á láàmú, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ nítorí òun. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ tún bi àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn nípa owó ìjọba àpapọ̀ tó wà fún tálákà tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti próstéètì; kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń lò ó, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò náni lówó.

Ní ti ẹ̀bi tí bàbá ń wá lára ara rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ní May 2025, ọ́fíìsì Joe Biden, tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà tí àwọn dókítà sì yí i ká, kéde pé jẹjẹrẹ próstéètì rẹ̀ ti dé eegun. Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fáyé ní Abẹ́òkúta ní November 2014 pé wọ́n rí irú rẹ̀ lára òun ní ọdún tó ṣáájú, òun sì ti gba ìtọ́jú. Ti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ló jọ tiwa jù: 1997 ni wọ́n rí i, ó lọ, ó tún padà, wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà, December 2021 ló tó dolóògbé, ẹni 90 ọdún. Mi ò ní kí ẹ ṣèlérí ọdún mẹ́rìnlélógún fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìpele tí wọ́n ti rí tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé "ó padà" àti "ó parí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn sára kàlẹ́ńdà.