Ilé Àjùmọ̀ní: Ohun Tí Ó Ń Bẹ Lẹ́yìn Owó Ìwọlé

Bí ọmọ Ìgbàrà-Òkè kan tí ó wà ní New York bá ránṣẹ́ sílé pé òun ti ra ilé, àwọn òbí rẹ̀ ní ìlú Ọlọ́wá yóò yọ̀, wọn yóò pe ará, wọn yóò pe ọ̀rẹ́, wọn yóò sì gbà lọ́kàn wọn pé ilẹ̀ àti òrùlé ti di tirẹ̀, pé bí ó bá wù ú lọ́la ó lè tà á, ó lè fi í háyà, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ilé alájà púpọ̀ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó ti rà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpín ni ó rà nínú ẹgbẹ́ tí ó ni ilé. Ẹgbẹ́ sì kọ̀wé fún un pé kí ó máa gbé inú àwọn yàrá kan, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san owó oṣooṣù tí ó sì ń pa òfin mọ́.

Kò sí ibi tí a ti lè rí èrè àti ìnira ètò yìí kedere ju Co-op City lọ, ní agbègbè Bronx nílùú New York. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọgbà ìṣeré kan tí à ń pè ní Freedomland wà níbẹ̀ títí di 1964, kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó gba ibẹ̀ tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé gogoro 35 síbẹ̀. Àwọn ará ilé àkọ́kọ́ kó wọlé ní December 1968. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 1973, ibùgbé 15,372 ni ó wà níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé odindi ìlú ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ New York ló yá wọn lówó, ó sì dín owó orí ilé náà kù, nítorí pé ó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí kò lówó rẹpẹtẹ rí ibi orí fi rọ.

Owó ìwọlé kò ga rárá nígbà náà. Ìpín 18 ni ènìyàn ń rà fún yàrá kan, dọ́là 25 ni ìpín kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe dọ́là 450 fún yàrá kan, àti dọ́là 1,800 fún ẹni tí ó bá fẹ́ yàrá mẹ́rin. Ẹni tí ó bá sì ń kó lọ nígbà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìpín rẹ̀ lọ ẹgbẹ́ padà ní iye tí ó fi rà á, dọ́là 25 náà, ìbáà jẹ́ pé ilé ti gbówó lórí ní gbogbo ìgboro. Ohun tí ó mú kí ó rọrùn láti wọlé náà ni kò jẹ́ kí ènìyàn rí èrè mú jáde.

Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Nígbà tí a polówó ilé náà ní 1965, nǹkan bí dọ́là 23 lóṣù ni wọ́n ní yàrá kan yóò máa ná ènìyàn. Ṣùgbọ́n owó ìkọ́lé wú, èlé orí gbèsè wú pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di July 1974, owó náà ti di dọ́là 39.68. Àwọn ará ilé 57 gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù pé wọ́n tan àwọn jẹ. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ náà ní June 1975, àwọn adájọ́ ní ìpín tí wọ́n rà kì í ṣe irú èyí tí oníṣòwò ń rà nítorí èrè, nítorí ibi tí wọn yóò máa gbé ni wọ́n ṣe rà á, àti nítorí náà òfin tí ń dáàbò bo olùdókòwò kò kàn wọ́n. Ìdájọ́ náà le létí àwọn ará ilé tí ń jìyà, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí àlàyé tí ó ṣe ṣókí tó o lórí ohun tí irú ilé yìí jẹ́.

Ní oṣù kan náà ni àwọn ará Co-op City kọ̀ láti san owó oṣù mọ́, wọ́n sì fi ìdí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún oṣù mẹ́tàlá, títí ìjọba fi fi àkóso ilé náà lé wọn lọ́wọ́ ní 1976. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ: gbèsè kò bá ìṣẹ́gun lọ, àwọn tí ó sì ti ń bú onílé tẹ́lẹ̀ wá di onílé, wọ́n ní láti pinnu fúnra wọn iye tí wọn yóò fi kún owó tiwọn.

Nínú àwọn ilé olówó gọbọi ti Manhattan tí àwọn náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, iye ọjà ni ènìyàn fi ń ra ìpín, ó sì lè jèrè bí ó bá tà á. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, yóò jókòó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì lè kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí; ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà kí ènìyàn fi yàrá rẹ̀ háyà bí ó ṣe wù ú; bí àwọn kan bá sì dẹ́kun sísan owó, àwọn yòókù ni yóò gbé ẹrù náà.

Ẹni tí a bí sínú agboolé kò ní rí èyí bí àjèjì pátápátá, nítorí nínú àṣà wa, kò sí ẹnì kan tí ó lè dá ilé ẹbí tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kò ṣàjèjì sí wa: kí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó jáde ní 1935 pàápàá ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ẹgbẹ́ ta ọjà wọn. Lónìí, ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkún, ní Oǹdó Ẹ̀gín, àti níhìn-ín ní Ìfẹ́dọ̀rẹ, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, tí akápò ń yọ owó wọn lóṣooṣù, tí ẹgbẹ́ yóò ra ilẹ̀ gbàràmù-gbaramu, tí yóò sì gé e sí púlọ́ọ̀tì fún wọn. Kò sí àjà mẹ́wàá nínú tiwa, kò sì sí lífìtì tí ń bàjẹ́. Ibi tí ewu tiwa wà ni inú ìwé.

Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, a kò lè gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba (C of O) láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Bí ẹgbẹ́ bá ra ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, tí kò sì ṣe ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ lè parí owó rẹ̀, kí ó mọ odi yí i ká, kí ó gbin ọ̀pẹ̀yìnbó síbẹ̀, síbẹ̀ kí ó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni ó wà nínú ìwé ìjọba. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì ti fi ìwé yẹn dúró fún gbèsè ní báńkì, gbèsè náà ti wọ inú ọgbà rẹ̀. Nítorí náà, ní èrò tèmi, kì í ṣe iye púlọ́ọ̀tì ni kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè. Kí ó béèrè gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ, àti orúkọ ẹni tí ó wà nínú ìwé. Akọ̀wé tí ó bá bínú sí ìbéèrè méjèèjì yìí ti dáhùn.

Ọ̀ràn ogún ni ó tún kù. Ní Co-op City ìgbà náà, ọkọ tàbí aya tí ó bá kù sílé nìkan ni ó lè jogún ìpín náà; ọmọ kò ní ẹ̀tọ́ sí i, ohun tí etí àgbàlagbà Ìgbàrà-Òkè kò ní fẹ́ gbọ́. Tiwa kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ń ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ìpín rẹ̀ bí ó bá kú, ọ̀pọ̀ sì ń kọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n wọ ẹgbẹ́, wọn kì í padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ nígbà tí ó wà ní àpọ́n, tí kò sì lọ yí i padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa bá àbúrò náà fa ọ̀rọ̀ níwájú alága ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwé tí bàbá wọn fọwọ́ sí lórí tábìlì láàárín wọn.