Kí Ọmọ Ogun Tó Kó Ẹrù

Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú ìjà kọ ara wọn nínú Ogun Kírìjì, láti 1877 títí wọ 1893. Ó pẹ́ débi pé ibùdó ogun di ìlú: wọ́n mọlé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, kò fojú kan Ìbàdàn mọ́. Ogun náà ti sú tọ̀tún-tòsì tipẹ́ kó tó parí. Lára ohun tó dè wọ́n mọ́bẹ̀ ni ìbẹ̀rù ọjọ́ tí wọn yóò yí ẹ̀yìn padà. Ta ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù? Bí ọ̀tá bá sì lé wọn lójú ọ̀nà, kí ni yóò gbẹ̀yìn ìyá arúgbó tó ru ẹrù àti ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀?

Ní 1886, àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, títí àwọn ìjòyè fi fọwọ́ sí àdéhùn. Àdéhùn yẹn kò mọ sórí ọmọ ogun nìkan. Ó dárúkọ àwọn ará Modákẹ́kẹ́: ẹni tó bá fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn, kó ṣí lọ sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, ẹni tó bá fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé, kó wọ inú ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé ìyẹn dára fún wọn, nítorí ilé wọn ni wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọn kò gbà, kò sì sí ẹni tó dúró láti yanjú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà kò bá tán nílẹ̀ títí dé ìgbà tiwa. Ìlọrin ní tirẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Ó ń bá Ọ̀fà jà lọ, Ọ̀fà sì ṣubú ní 1887. Ó di 1893, tí Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó, kí ibùdó tó ṣẹ́ kù tó tú.

Ẹni tó bá mọ èyí nípa ilé wa, pé ọjọ́ tí ọmọ ogun bá ń kó ẹrù léwu fún àwọn tí kò gbébọn, yóò tètè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà, ní 1994, bí ibẹ̀ tilẹ̀ jìnnà sí wa, tí èdè wọn sì yàtọ̀.

Ogun abẹ́lé ni Rùwáńdà ń jà: ìjọba tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Hutu, àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ RPF tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà Tutsi. Ní oṣù kẹjọ 1993, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Arusha, ní Tànsáníà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán nǹkan bí 2,500 ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ lọ ṣọ́ àdéhùn náà, Roméo Dallaire, ọ̀gágun láti Kánádà, ni olórí wọn. Àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ló ní ohun ìjà tó dára jù láàárín wọn, àwọn ará Gánà àti Bangladesh sì pọ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní 1994, Dallaire kọ̀wé sí olú-iléeṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ẹnìkan láàárín àwọn tó ń múra ìpakúpa ti tú àṣírí fún un: wọ́n ti kó ìbọn pamọ́, wọ́n ń to orúkọ àwọn Tutsi sínú ìwé. Nínú ìwé yẹn kan náà ni ó wà pé wọ́n fẹ́ pa lára àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù, kí Bẹ́ljíọ̀mù lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Dallaire fẹ́ lọ kó àwọn ìbọn náà. New York ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ni wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú ààrẹ Habyarimana. Lọ́jọ́ kejì, ìpakúpa ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n pa olórí ìjọba, Agathe Uwilingiyimana, wọ́n sì pa ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù mẹ́wàá tó ń ṣọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé oṣù kìíní gan-an ló ṣẹ. Bẹ́ljíọ̀mù pinnu láti lọ. Àwọn apààyàn ti mọ̀ ṣáájú pé wọn yóò lọ, ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní Kicukiro, nínú Kigali, tí wọ́n ń pè ní ETO. Nǹkan bí 90 ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù ló wà níbẹ̀, nǹkan bí 2,000 ènìyàn sì ti sá wá sábẹ́ àsíá wọn: bàbá, ìyá, ọmọ ọmú, arúgbó. Àwọn jàǹdùkú Interahamwe wà lóde ọgbà pẹ̀lú àdá, wọ́n ń dúró. Wọn kò wọlé, nítorí àwọn oníbọn ṣì wà nínú. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun Faransé wá kó àwọn òyìnbó tó wà nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé pé kí àwọn Bẹ́ljíọ̀mù náà máa lọ. Àwọn kan bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn pa àwọn, torí ikú ìbọn yá ju ikú àdá lọ. Àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n da àwọn ènìyàn yẹn bí ẹran lọ sí orí òkè Nyanza, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yè é. Ibi ìrántí wà lórí òkè náà lónìí.

Kì í ṣe pé kò sí ọmọ ogun tó lè dé Kigali lọ́sẹ̀ yẹn o. Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Ítálì rán ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ogun wá nínú ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ọmọ òkèèrè ni wọ́n wá kó. Wọ́n kó wọn tán, wọ́n padà.

Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, ló ń ṣojú wa. Òun àti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí lẹ́yìn alágbára kankan fẹ́ kí ọmọ ogun pọ̀ sí i, wọn kò fẹ́ kó dín. Àwọn alágbára kò gbà. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, Ìgbìmọ̀ náà dín wọn kù sí 270, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló sì fọwọ́ sí i, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ìjọba Rùwáńdà tó ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ gan-an ní àga nínú Ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn. Aṣojú rẹ̀ jókòó, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀gágun Henry Anyidoho ti Gánà, igbákejì Dallaire, kọ̀ láti lọ. Òun àti àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú àwọn bí 450 tó ṣẹ́ kù, iye tó ju 270 tí Ìgbìmọ̀ sọ lọ. Wọn kò ní oúnjẹ tó tó, wọn kò ní ọkọ̀ ogun tó ṣeé gbọ́kàn lé. Síbẹ̀ wọ́n dúró ní pápá ìṣeré Amahoro, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yè. Mbaye Diagne, ọmọ ogun Sẹ̀nẹ̀gà tí kò tilẹ̀ gbé ìbọn, ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ènìyàn díẹ̀díẹ̀ kọjá níbi tí àwọn apààyàn dínà sí, títí àfọ́kù àdó olóró fi pa á ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún. Bí ọdẹ àdúgbò wa náà ló rí: ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kò lè dá ẹgbẹ́ adigunjalè dúró, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ ibi níbi tí ojú bá ti ń wò wọ́n. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, nǹkan bí 800,000 ènìyàn kú ní Rùwáńdà, ibi tí ojú kò sí ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí.

Mi ò ní bú ìyá tó bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá yẹn pé ó fẹ́ kí wọ́n dá àwọn tó kù padà. Ọmọ ló bí. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ogun kan ní òpin, kí ọmọ ogun sì wálé. Àmọ́ ètò ni mò ń bi àwọn tó pàṣẹ léèrè. Àwọn tó wà ní ETO, ta ni wọ́n fà wọ́n lé lọ́wọ́? Wọn kò gbé wọn lọ sí Amahoro kó tó di pé wọ́n lọ, wọn kò dúró de ẹni tí yóò rọ́pò. Guy Verhofstadt, olórí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù, lọ tọrọ àforíjì ní Kigali ní ọdún 2000. Ọdún mẹ́fà ti kọjá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní Darfur, ní Sùdáànù, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí wọ́n pa ní Haskanita ní 2007. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti ti Àgbáyé para pọ̀ rán ọmọ ogun síbẹ̀, ọ̀gágun wa, Martin Luther Agwai, ni olórí wọn àkọ́kọ́. Ọjọ́ tó kẹ́yìn 2020 ni iṣẹ́ wọn parí, ìjọba Sùdáànù sì ní òun yóò máa ṣọ́ àwọn ènìyàn òun. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní El Geneina, ní Darfur, tí ènìyàn tó ju 100 lọ kú. Ní 2023, ogun ńlá dé bá ìlú yẹn kan náà.

Nàìjíríà ṣì ń rán ọmọ rẹ̀ lọ ṣọ́ àlàáfíà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò nínú wọn, ẹ máa bèèrè pé kí wọ́n dá a padà láyọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé wọ́n ń bọ̀ wálé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣojú yín ní Abuja pẹ̀lú: àwọn tí ọmọ wa ń ṣọ́ lánàá, ta ni yóò ṣọ́ wọn lọ́la, ọjọ́ wo ni yóò sì dé? Bí kò bá ní ìdáhùn sí i, kí ó padà lọ wá a kí wọ́n tó di ẹrù.