Orúkọ Ẹ̀yà Ṣòkòtò àti Àtúnṣe Pátáànì

Àìmọ̀ọ́gé nìkan kọ́ ni ó ń ba aṣọ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Àìdájú orúkọ ẹ̀yà aṣọ náà wà lára rẹ̀. Ní ìsọ̀ àwọn aránṣọ láti Lekki títí dé Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pátáànì ni orúkọ bébà tí a fi ń gé aṣọ. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọṣẹ́ ‘fi kún ìsàlẹ̀’ pátáànì ṣòkòtò, ìtumọ̀ méjì ni gbólóhùn náà lè ní. Ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò parí sí. Ó sì lè jẹ́ ibi tí itan méjèèjì ti pàdé. Bí ọmọṣẹ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, aṣọ oníaṣọ ni yóò fara gbá a.

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní orúkọ fún oríṣi ṣòkòtò: kẹ̀m̀bẹ̀ ń bẹ, ṣóóró sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n kẹ̀m̀bẹ̀ fẹ̀, àṣìṣe kékeré kì í tètè hàn lára rẹ̀. Ṣòkòtò òde òní tí ó fara mọ́ ara kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni; iṣẹ́ aránṣọ kò sí lára ohun tí ó dáwọ́ lé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí ṣe é gbé yẹ̀ wò:

(a) Ẹnu ẹsẹ̀: ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò parí sí.
(b) Ìpàdé itan: ibi tí ojú ìrán ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé.
(d) Gíga ìjókòó: ìwọ̀n láti ojú ìgbànú dé orí àga líle, ní ẹ̀gbẹ́ ara, nígbà tí ènìyàn bá jókòó ṣánṣán.
(e) Àyè ìdẹ̀rùn: ohun tí a fi kún ìwọ̀n ara kí ènìyàn lè rìn, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jókòó.

Ìlò ni yóò fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí múná dóko. Ẹni tí ó fi bébà ìwé ìròyìn àtijọ́ ṣe pátáànì nílé ní láti kọ́kọ́ fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú dán an wò, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó dìde, kí ó sì jókòó.

Bí aṣọ bá hunjọ bí ìtànṣán láti ìpàdé itan, ó há níbẹ̀: a ó fi díẹ̀ kún ṣóńṣó bébà iwájú àti ti ẹ̀yìn, a ó sì rí i pé gígùn ojú ìrán inú itan dọ́gba nínú méjèèjì. Bí ẹ̀yìn bá ń fà wálẹ̀ nígbà ìjókòó, gíga ìjókòó ẹ̀yìn ni ó kéré: a ó la bébà ẹ̀yìn láti àárín ẹ̀yìn, ní ọ̀gangan ìgbáròkó, lọ sí ẹ̀gbẹ́, láìgé e já. A ó yà á, bí àpẹẹrẹ, ní sẹ̀ǹtímítà 2, a ó sì lẹ bébà mọ́ àlàfo náà. Níwọ̀n ìgbà tí etí ẹ̀gbẹ́ kò yí padà, yóò ṣì bá ti iwájú mu. Bí ojú ìgbànú bá fi sẹ̀ǹtímítà 4 há jù, etí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni yóò pín in: sẹ̀ǹtímítà 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni kí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a tó tún un wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Nínú àlàyé yìí, ‘ìsàlẹ̀’ kò wúlò mọ́. Orúkọ ‘gíga ìjókòó’ sì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí bí a ṣe ń wọn ìwọ̀n náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ àti ògbufọ̀ ń fẹ́. Kí wọ́n tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ó yẹ kí wọ́n yà ní ìsọ̀ aránṣọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.