Àlàfo tí Ó Kẹ́yìn Ọ̀rọ̀

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ohun kékeré ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: àlàfo, èyíinì ni àyè òfìfo, tí ó máa ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń jẹ́ Àdùkẹ́. Nígbà tí akọ̀wé ń tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ṣèèṣì tẹ àlàfo kan lé e. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, a wá Àdùkẹ́ tì. Ojú wa rí orúkọ náà gedegbe, síbẹ̀ ẹ̀rọ ní kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á?

Lójú àwa tí a ń kàwé, àìsí lẹ́tà ni àlàfo. Lójú ẹ̀rọ, àmì ni bí àwọn yòókù. Nínú ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963 láti fi nọ́ńbà dúró fún lẹ́tà, 32 ni nọ́ńbà àlàfo, bí 65 ti jẹ́ ti A ńlá. Unicode tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò yí èyí padà. Nítorí náà, ẹ̀rọ kò lè ka Àdùkẹ́ tí ó ní àlàfo nídìí àti Àdùkẹ́ lásán sí ọ̀kan.

Kí ni àtúnṣe rẹ̀? Nínú Python, èdè tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991 fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, a ó kọ báyìí:

oruko = oruko.rstrip()

Láti ìparí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò máa yọ àlàfo, táàbù àti àmì ìparí ìlà títí yóò fi kan lẹ́tà, kò sì ní fọwọ́ kan àlàfo tí ó wà láàárín orúkọ méjì. Ẹ ṣàkíyèsí pé rstrip kì í tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣe. Titun ni ó ń dá. Ẹni tí kò bá gba titun náà sọ́wọ́, bí a ti ṣe lókè yìí, iṣẹ́ asán ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àlàfo ni ìdọ̀tí. Nínú Markdown, àlàfo méjì ní ìparí ìlà ń sọ pé kí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e bọ́ sí ìlà titun. Bí a bá gé wọn, ìlà méjì yóò di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń gé kí a tó gé e. Ní ti orúkọ, ẹnu ọ̀nà ni kí a ti gé e, kí a tó fi í pamọ́, kí Àdùkẹ́ má baà jìyà ohun tí ojú kò rí.