Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Nílé Àwọn Júù

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Jerúsálẹ́mù a máa kánjú. Ọlọ́jà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, bọ́ọ̀sì ń sáré àsekẹ́yìn, ìkòkò ń hó lórí iná. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 40 kí oòrùn wọ̀, fèrè kan á dún káàkiri ìlú. Ìyá ilé á tan àbẹ́là méjì, á fọwọ́ bojú, á gbàdúrà. Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ti wọlé nìyẹn. Nílé ẹni tó ń pa òfin mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní ṣáná mọ́ títí ìràwọ̀ mẹ́ta yóò fi yọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀sìn Júù dáadáa, ìdí tábìlì oúnjẹ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé sínágọ́gù, ilé ìjọsìn àwọn Júù.

Wọ́n ní ìgbàgbọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀: Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, òun ló bá Ábúráhámù dá májẹ̀mú, òun ló fún Mósè ní Tórà, ìwé òfin wọn, lórí òkè Sínáì, Mèsáyà sì ń bọ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Maimonides, rábì (ìyẹn olùkọ́ òfin) tó tún jẹ́ oníṣègùn, kó ìgbàgbọ́ yìí jọ sí kókó 13. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn rábì jiyàn lé lórí jù nínú Tálímọ́ọ̀dù, ìwé àríyànjiyàn wọn lórí òfin, ni ohun tó yẹ kéèyàn ṣe: kí ni ká jẹ, ìgbà wo ni ká gbàdúrà, báwo la ṣe ń sanwó alágbàṣe.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ń ka Ṣẹ́má, tó ń jẹ́rìí pé ọ̀kan ni Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni akọ̀wé máa ń fọwọ́ kọ sára awọ ẹran, tí wọ́n á ká a, tí wọ́n á kì í sínú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á kàn án mọ́ òpó ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún. Mẹ́súsà lorúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọlé, ọ̀pọ̀ á fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì fẹnu ko ìka wọn.

Ká padà sídìí tábìlì. Àwọn òbí á gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, wọ́n á súre. Búrẹ́dì méjì tí wọ́n dì bí irun orí wà níbẹ̀, ìrántí mánà, oúnjẹ ọ̀run tó jẹ́ ìlọ́po méjì lọ́jọ́ Ẹtì nínú aginjù. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n ní búrẹ́dì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ súre lé lórí, ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí wáìnì ló ṣíwájú. Kí ojú má baà ti búrẹ́dì ni wọ́n ṣe bò ó. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yìí ní kékeré á ti mọ̀ pé a kì í dójú ti ọmọnìkejì.

Iṣẹ́ 39 ni Míṣínà, àkójọ òfin àwọn rábì àtijọ́, kà léèwọ̀ lọ́jọ́ Sábáàtì. Aṣọ rírán, ìwé kíkọ àti iná dídá wà lára wọn. Nítorí náà, hamín, ìyẹn ẹ̀wà, ẹran àti ọ̀dùnkún, ti máa ń wà lórí iná jẹ́jẹ́ kí Sábáàtì tó wọlé. Òru mọ́jú ló fi ń jinná, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹrú kì í nísinmi. Ìdí nìyẹn tí Tórà fi so ọjọ́ ìsinmi yìí mọ́ ìtúsílẹ̀ àwọn baba ńlá wọn kúrò lóko ẹrú ní Íjíbítì. Síbẹ̀, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, èèwọ̀ ti dákẹ́. Bí aboyún bá ń rọbí, wọ́n gbọ́dọ̀ wa mọ́tò gbé e lọ sọ́sípítù, ẹni tó bá sì fi Sábáàtì ṣe àwáwí ló jẹ̀bi.

Oúnjẹ pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Nínú ẹja, èyí tó ní lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́ nìkan ni jíjẹ. Ẹja àrọ̀ ò wọlé, edé àti akàn náà ò wọlé. Ẹran àti wàrà kì í pàdé nínú ìkòkò kan, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tórà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe se ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀. Òfin kúkúrú yẹn ló di abọ́ ọ̀tọ̀, ṣíbí ọ̀tọ̀.

Kì í ṣe gbogbo Júù ló ń pa èyí mọ́ bákan náà. Àwọn ìjọ alátùn-únṣe (Reform) gbà kí wọ́n wa mọ́tò lọ sí sínágọ́gù, obìnrin sì ń ṣe rábì láàárín wọn. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dé sínágọ́gù, síbẹ̀ wọn ò fi àbẹ́là ọjọ́ Ẹtì ṣeré.

Nígbà tí ìràwọ̀ bá yọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á tan àbẹ́là tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Kànáfùrù á lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé ọkàn kejì máa ń bá èèyàn gbé lọ́jọ́ Sábáàtì. Nígbà tó bá ń lọ, òórùn dídùn yìí ni wọ́n fi ń tu ọkàn tó ṣẹ́kù nínú. Lẹ́yìn náà, kálukú á na èèkánná sí ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là náà, wọ́n á ti iná rẹ̀ bọ wáìnì, á dún ṣììì, ẹnìkan á sì nawọ́ tan iná mànàmáná.